Ẹ Pa Iná Ororo Kí Ẹ Tó Máa Sọ̀rọ̀ Ọrọ̀ Inú Òkun

Ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ìlànà tuntun lórí òkun àti ọrọ̀ tó wà nínú rẹ̀. A kí wọn kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí orílẹ̀-èdè tí etíkun rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 850 kìlómítà ní ìwé kan tí yóò sọ bí a ó ṣe máa jẹ nínú òkun láìba òkun jẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ sí i ní Àbújá, iná ń jó lórí òkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, lẹ́nu kànga epo kan tó bú, tí wọ́n ń pè ní Ororo-1. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ó ṣì ń jó. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2020 ló ti ń jó.

Kì í ṣe òní la bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú-ewé yìí sọ̀rọ̀ lórí kànga Ororo-1, a ò sì ní tún ìtàn náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan náà tí a ti ń bi ìjọba láti ọdún àkọ́kọ́ la tún gbé dé: ọrùn ta ni iṣẹ́ pípa iná yìí wà, ọjọ́ wo ni onítọ̀hún yóò sì pa á? Orúkọ kan, ọjọ́ kan. Ọdún márùn-ún ti kọjá, a kò rí orúkọ, a kò rí ọjọ́.

Ohun tí a ń béèrè kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kànga kan bú ní Nembe, ìpínlẹ̀ Bayelsa, ó ń tú epo àti gáàsì sínú odò. Ariwo ta, àwọn aláṣẹ gbọ́, ilé-iṣẹ́ tó ni kànga náà ránṣẹ́ pe àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ láti òkè òkun, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, wọ́n ti dí i. Kò pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga gáàsì fún Chevron gbiná ní Funiwa, lórí òkun Bayelsa kan náà. Òṣìṣẹ́ méjì kú. Ọjọ́ 46 ni iná náà fi jó. Wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó bàjẹ́, wọ́n gba abẹ́ ilẹ̀ dé ìdí rẹ̀, wọ́n sì dí i pa láti ìsàlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ẹ̀rọ agbẹ́kànga Deepwater Horizon gbiná ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, tí òṣìṣẹ́ mọ́kànlá bá a lọ, ẹnu kànga náà wà lábẹ́ omi tó jìn tó nǹkan bí 1,500 mítà, níbi tí ènìyàn kankan kò lè mòòkùn dé. Ọjọ́ 87 ni wọ́n fi dí i.

Omi tí Ororo-1 wà nínú rẹ̀ kò jìn. Ẹ̀bá etíkun ni, ọ̀nà òkun tí apẹja Awoye, ìlú kan létíkun Ìlàjẹ, ń gbà lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún wa pé iṣẹ́ náà le. Ó le ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe é. Ó le ní Nembe, wọ́n ṣe é. Ohun tó ya Ororo sọ́tọ̀ ni pé ìjọba kò di ẹnì kankan mú, kò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ọdún márùn-ún! Ọmọ tí wọ́n bí ní Awoye lóṣù tí kànga náà bú ti tó ilé-ìwé lọ báyìí. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò mọ òkun ìlú rẹ̀ sí òkun tí iná kò sí lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe rí. Chevron ló gbẹ́ kànga náà nínú àwọn ọdún 1980, tó sì pa á tì. Nígbà tó yá, pápá epo náà, tó wà ní agbègbè ìwé àṣẹ epo tí wọ́n ń pè ní OML 95, bọ́ sọ́wọ́ Guarantee Petroleum àti Owena Oil and Gas. Owena yìí, ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó ni. Lóṣù Kẹrin ọdún 2020, àjọ DPR tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo nígbà náà gba ìwé àṣẹ àwọn pápá kéékèèké kan padà, Ororo sì wà lára wọn. Kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí kànga náà bú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni pápá àti ẹni tí kò ni ín mọ́ ti di ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò.

A kò bá ẹnikẹ́ni du ẹ̀tọ́ àtilọ sí kóòtù. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí ogún ilé, tí ilé náà wá gbiná, àwọn aládùúgbò kì í dúró kí adájọ́ dá ẹjọ́ kí wọ́n tó bu omi. Wọ́n á kọ́kọ́ pa iná. Ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ ṣe láti ọdún 2020 náà nìyẹn: kí ó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kí ó san owó rẹ̀, kí ó dí kànga, kí ó sì gba gbogbo owó náà pẹ̀lú èlé lọ́wọ́ ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi, ì báà jẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, ì báà jẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Gómìnà Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Obe-Nla ní Ìlàjẹ ni. A kò sọ èyí láti fi bú u. A sọ ọ́ nítorí pé òun nìkan ni gómìnà tí a kò ní láti ṣàlàyé fún bí omi yẹn ṣe rí, àti ohun tí ẹja jẹ́ nínú ilé Ìlàjẹ. Ìjọba tó ń darí ní ìpín nínú pápá náà kí DPR tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ padà. Kí ó má dúró de Àbújá kí ó tó sọ fún aráàlú ohun tí Owena mọ̀, ohun tí Owena ṣe, àti ohun tí kò ṣe.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń bi wá pé kí ni iná kan lórí òkun lè ṣe, nígbà tó jẹ́ pé omi ló yí i ká. A mọ̀ pé kì í ṣe ìwà ìkà ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Wọn kò mọ òkun ni, ìdí sì nìyí tí a ó fi fara balẹ̀ sọ ọ́ lónìí.

Etíkun Mahin kò rí bí etíkun Badagry. Kò sí iyanrìn funfun níbẹ̀. Ẹrẹ̀ ni, dúdú, rírọ̀, tí ẹsẹ̀ ń rì sí, ẹrẹ̀ yẹn gan-an sì ni ọrọ̀ ibẹ̀. Odò ń kó ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ ọlọ́ràá bọ̀ láti inú igbó. Bó bá dé ẹnu òkun, tó pàdé omi iyọ̀, ó ń di oúnjẹ fún àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń léfòó káàkiri nínú omi. Ohun tí koríko jẹ́ fún màlúù làwọn wọ̀nyí jẹ́ fún òkun. Àwọn tó jẹ́ ewéko nínú wọn ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ rere jáde. Nǹkan bí ìdajì afẹ́fẹ́ òsíjìn tó ń jáde lágbàáyé, inú òkun ló ti ń wá. Àwọn tó jẹ́ ẹranko nínú wọn ń jẹ ewéko yẹn. Ṣàwá ń jẹ wọ́n, àpò ń jẹ edé àti ẹja wẹ́wẹ́, ẹja tó tóbi ju àpò lọ ń jẹ àpò, àwa sì ń jẹ gbogbo wọn. Bí ìsàlẹ̀ bá yìnrìn, òkè kò lè dúró.

Ẹ wo edé nìkan. Ìyá edé ń yé ẹyin rẹ̀ sínú òkun. Ọmọ tó bá jáde kéré púpọ̀, kò lágbára àtiwẹ̀ lòdì sí omi. Ìgbì àti ìṣàn ló ń gbé e bọ̀ wá sí ẹnu odò. Á wọ inú àwọn odò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú igbó ẹ̀gbà, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró gangan nínú omi bí ẹsẹ̀ akàn, á fara pamọ́ síbẹ̀ níbi tí ẹja ńlá kò ti lè ráyè wọlé, á jẹun, á sì dàgbà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, á padà sókun láti lọ yé ẹyin tirẹ̀. Ọ̀nà tó gbà wá àti ọ̀nà tó gbà lọ, omi etíkun tí kò jìn ló là kọjá. Inú omi yẹn ni Ororo ti ń jó.

Epo tí iná kò bá jó tán ń léfòó sójú omi. Ojú omi náà sì ni ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja ń gbé kí wọ́n tó pa. Ìwọ̀nba epo tí ẹja àgbà lè sá fún lè pa ọmọ tí kò tíì ní ìpẹ́, apẹja kò sì ní rí òkú rẹ̀ nínú àwọ̀n. Ohun tí yóò rí ni pé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Èyí tí ìgbì bá gbé wọ inú ẹ̀gbà nínú epo náà á lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò tí igi fi ń mí, igi á kú lórí ìdúró, ẹrẹ̀ tí gbòǹgbò náà dì mú á sì di ti ìgbì. A ti rí irú rẹ̀ rí: ní ọdún 1980, nígbà tí kànga Funiwa-5 bú, igbó ẹ̀gbà kú lọ súà. Ìṣàn omi tó ń gba iwájú etíkun wa kọjá, ìhà ìlà-oòrùn ló ń kọjú sí, torí náà ohun tó bọ́ sómi ní Ìlàjẹ kò ní dúró sí Ìlàjẹ.

Ìmọ́lẹ̀ iná náà tún ń kọ́? Àwọn ẹ̀dá wínníwínní tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, púpọ̀ nínú wọn máa ń sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ omi lọ́sàn-án, wọ́n á sì gòkè wá jẹun bí ilẹ̀ bá ṣú. Òkùnkùn ni aago wọn. Nítòsí Ororo, ilẹ̀ kò ṣú mọ́ láti ọdún 2020.

Òkun yẹn ti fara gbá nǹkan púpọ̀ kí iná tó dé. Ilé-iṣẹ́ epo ti la odò gba Awoye kọjá nínú àwọn ọdún 1970, omi iyọ̀ gba ibẹ̀ wọlé, ó sì pa igbó omi dídùn tó wà lẹ́yìn ìlú. Òfin ẹja pípa lókun ti ọdún 1992 sọ pé kí ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun má ṣe wọ máìlì òkun márùn-ún àkọ́kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹja ti ń bímọ, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ kékeré ti ń rí tirẹ̀ jẹ. Ẹ bi apẹja èyíkéyìí léèrè bóyá wọ́n ń pa òfin náà mọ́ lóru. Bí ọkọ̀ ńlá bá gba iwájú, tí iná gba ẹ̀gbẹ́, tí páìpù epo gba ìsàlẹ̀, ibo ló kù fún ọkọ̀ kékeré? Á wakọ̀ jìnnà sí i, á ra epo bẹntiróòlù sí i, owó ẹja á wọ́n sí i. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja á ra díẹ̀ lówó gọbọi, ẹni tó fẹ́ ṣe ẹ̀fọ́ ní Oǹdó àti Àkúrẹ́ á sì ra kòtẹ́ inú yìnyín tó ti òkè òkun wá. Ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra wọn la ti gbọ́ pé ẹja tí Nàìjíríà nílò lọ́dún tó mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 3.6, tí èyí tí a ń rí nílé kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí ẹja kò tó jẹ ló fi iná sílẹ̀ níbi tí ẹja ti ń bímọ.

Adégbóyèga Oyètọ́lá, mínísítà ọ̀rọ̀ òkun, lè sọ pé epo kò sí lábẹ́ òun. Òótọ́ ni. Kànga wà lábẹ́ àjọ NUPRC tó ń mójú tó epo wíwà, epo tó bá dànù wà lábẹ́ àjọ NOSDRA, NOSDRA wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ẹja ló wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún òkun ní ọdún 2023. Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fúnra rẹ̀ ló di ipò mínísítà epo mú. A ti gbọ́ gbogbo àlàyé yìí, ó sì ti sú wa. Bí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òkun bá jẹ́ kí ó máa ka owó tí yóò ti inú òkun wá, tí kò sì kàn án bí òkun bá ń jó, kí wọ́n sọ fún wa kí a mọ̀. Bí ó bá sì kàn án, kí mínísítà gbé ọ̀rọ̀ Ororo síwájú ìgbìmọ̀ aláṣẹ bó ṣe gbé ìlànà rẹ̀ síwájú wọn. Tábìlì kan náà ni. Ẹni tó jókòó sórí àga tó ga jù nídìí rẹ̀ ni mínísítà epo.

Ohun mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa òfin. Òfin tó dá NOSDRA sílẹ̀ ní ọdún 2006 ní kí ẹni tó bá kọ̀ láti tún ibi tí epo ti dànù ṣe san mílíọ̀nù kan náírà. Mílíọ̀nù kan! Ẹ́ńjìnnì tí apẹja ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbówó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ wo ni yóò bẹ̀rù ìyẹn? A ti pè fún àtúnṣe òfin náà lójú-ewé yìí kan náà, àwọn aṣòfin Ìlàjẹ àti ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Àbújá ló sì yẹ kó ṣáájú níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ wa bá le lónìí, Ayétòrò ní Ìlàjẹ ló kọ́ wa. Ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó lórí ẹrẹ̀ ní ọdún 1947, tó ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò ní, tó ń kan ọkọ̀ ojú omi tó sì ń hun aṣọ. Lónìí, òkun ti gbé apá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ọdún 2004 ni NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé iṣẹ́ àgbàṣe jáde láti dá òkun dúró níbẹ̀. Wọ́n tún gbé e jáde ní ọdún 2009. Ẹ lọ wo Ayétòrò bóyá ẹ ó rí odi kankan. Bí ìjọba ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀ nísinsìnyí: ìgbìmọ̀ ń jókòó, ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, aráàlú kan ń kó ẹrù sẹ́yìn ni, láti adúgbò kan dé òmíràn, títí ilẹ̀ tí yóò kó o lọ fi tán. A kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Ororo sínú fáìlì tí wọ́n fi ti Ayétòrò sí.

Kí NUPRC kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí yóò dí kànga náà sí ojú ìwé ìròyìn gbogbo, kí ó sì kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Kí NOSDRA yẹ omi, ẹrẹ̀ àti ẹja wò láti Ayétòrò dé Awoye àti Molutehin, kí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní Yorùbá, kí ẹni tó ń jẹ ẹja náà lè kà á. Kí wọ́n ṣírò ohun tí àwọn apẹja ti pàdánù láti ọdún 2020, kí owó ìtánràn sì kọ́kọ́ dé ọwọ́ wọn, kì í ṣe àpò ìjọba.

Kí Mínísítà Oyètọ́lá náà, kí ó tó gbé ìwé ìlànà rẹ̀ lọ han àwọn olówó tó fẹ́ wá dá iṣẹ́ sílẹ̀ lórí òkun wa, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kí ó mú ẹni tí NUPRC bá yàn dání. Ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó jáde sí òkun Awoye, wọn kò sì ní nílò ẹni tí yóò júwe Ororo fún wọn. Kí onítọ̀hún padà sí èbúté, kí ó dúró níwájú àwọn ará Awoye, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ náà fún wọn.